Iṣan Àbọ̀ Ojú Tó Dí: Ohun Tí Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Ń Sọ Nípa Ìríran

Àrùn ojú tí a sọ̀rọ̀ lé lórí nínú ètò tọ̀sẹ̀ yìí kì í sábà dunni. Kì í sọ ojú di pupa níbẹ̀rẹ̀, kì í mú kí ojú máa ṣomi. Èèyàn á kàn jí láàárọ̀, á rí i pé nǹkan ti ṣú bo ojú kan, bí ìgbà tí èéfín bá gba inú yàrá. Ẹlòmíràn ò tiẹ̀ ní tètè mọ̀, torí ojú kejì ló ń ríran fún méjèèjì, àfi ọjọ́ tó bá fọwọ́ bo ojú tó dáa, tó wá rí i pé èyí tó kù ò rí nǹkan gidi. Nítorí pé kò dùn ún, á ní ó máa lọ fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ á gorí ọ̀sẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nínú àrùn yìí, àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Retinal vein occlusion ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àwa á máa pè é ní dídí iṣan àbọ̀ ojú. Nínú àwọn àrùn tó ń bá iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn ojú jà, èyí tí ìtọ̀ ṣúgà ń fà ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì tẹ̀ lé e. Lọ́dún 2010, àwọn olùwádìí kó àkọsílẹ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ, wọ́n sì fojú bù ú pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 16 àgbàlagbà ló ní in lágbàáyé. Ètò etí ò ṣeé fi ya àwòrán, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀: mo fẹ́ kẹ́ ẹ lè fojú inú rí ohun tí dókítà ń rí nígbà tó bá tan iná sínú ojú, kẹ́ ẹ sì mọ ohun tó lè sọ fún un nípa bí ìríran ṣe máa rí lọ́la.

Ká kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ wa, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè. “Iṣan” ń ṣiṣẹ́ púpọ̀ nínú Yorùbá. Iṣan apá ni, iṣan ẹ̀jẹ̀ ni, àwọn kan tiẹ̀ ń lò ó fún okùn tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ. Níbí, ti ẹ̀jẹ̀ nìkan la ní lọ́kàn. Iṣan àlọ ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn lọ sí gbogbo ara; iṣan àbọ̀ ló ń dá a padà. Ẹni tí wọ́n bá ti súre “àlọ re, àbọ̀ re” fún rí kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú ò ní gbàgbé ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì.

Rẹ́tínà ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ sí ẹ̀yìn inú ẹyinjú. Òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀, tó ń sọ ọ́ di ìròyìn tí ọpọlọ lè lóye. Àárín rẹ̀ gbùngbùn ni wọ́n ń pè ní mákúlà. Ibẹ̀ kéré gan-an, ṣùgbọ́n òun la fi ń kàwé, òun la fi ń kó òwú sí ojú abẹ́rẹ́, òun la fi ń dá ojú èèyàn mọ̀ lókèèrè. Iṣan àlọ kan ṣoṣo ló gba inú okùn ìríran wọlé sí rẹ́tínà, ó wá pín sí ẹ̀ka òkè àti ẹ̀ka ìsàlẹ̀, bí igi. Iṣan àbọ̀ náà ní ẹ̀ka tirẹ̀, gbogbo wọn á sì para pọ̀ di ọ̀kan ṣoṣo tó gba ẹnu ọ̀nà yẹn kan náà jáde. Ẹ fi ẹnu ọ̀nà yẹn sọ́kàn.

Níbo ló ti ń dí? Ibi méjì ni. Èkíní ni ìkòríta tí iṣan àlọ ti gun orí iṣan àbọ̀ kọjá. Níbẹ̀, awọ kan náà ló wé àwọn méjèèjì pọ̀, bí ìgbà tí ọmọ méjì bá jọ bora kan. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti ń bá èèyàn gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ara iṣan àlọ á le, á nípọn, á sì máa tẹ iṣan àbọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa lọ gẹ́rẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í rú, á dì, ọ̀nà á sì dí. Ẹ̀ka kan ṣoṣo nìyẹn, torí náà apá kan rẹ́tínà ló máa ń bà jẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà apá òkè tó wà níhà etí. Ibi kejì ni inú okùn ìríran fúnra rẹ̀, níbi tó ti gba inú ohun kan tó dà bí asẹ́ jáde lẹ́yìn ẹyinjú. Àyè ibẹ̀ há, iṣan méjèèjì ló sì gbọ́dọ̀ gbabẹ̀. Bí iṣan àbọ̀ bá dí níbẹ̀, gbogbo rẹ́tínà ló kàn. Ẹ̀ka la ó máa pe àkọ́kọ́, a ó sì máa pe ìkejì ní gbòǹgbò.

Ọ̀rọ̀ kan kí n tó gbàgbé. Bó bá jẹ́ iṣan àlọ ló dí, ìyẹn yàtọ̀. Ojú á ṣókùnkùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá, bí ẹni paná. Bíi rọpárọsẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe mú un: ilé ìwòsàn pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ọ̀la. Lóòótọ́, ẹni tó wà nílé ò lè mọ èwo nínú méjèèjì ló ṣẹlẹ̀ sí òun. Nítorí náà, ìríran tó bá lọ lójijì, kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó dáa. Kí ni dókítà ń rí?

Kó tó di ọdún 1851, ó ṣòro gan-an láti rí ẹ̀yìn ojú alààyè. Ọdún yẹn ni Hermann von Helmholtz, onímọ̀ ará Jámánì, gbé irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wo inú ojú jáde. Nígbà tó fi máa di 1878, Julius von Michel, ọmọ Jámánì bákan náà, ti júwe bí ẹ̀jẹ̀ dídì ṣe ń dí gbòǹgbò iṣan àbọ̀ ojú. Ohun tí wọ́n rí nígbà yẹn náà là ń rí lónìí.

Ẹ ro gọ́tà tí pàǹtírí dí nígbà òjò. Omi ò dẹ́kun wíwọlé, ọ̀nà àtijáde ló sé. Kí ló máa ṣẹlẹ̀? Gọ́tà á kọ́kọ́ kún dé ẹnu, lẹ́yìn náà á ya sí àgbàlá. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú ojú. Iṣan àbọ̀ tí kò rọ́nà jáde á wú, á sì lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jò jáde. Èyí tó bá jò sí òkè rẹ́tínà, níbi tí àwọn fọ́nrán tín-ín-rín ti tò lọ sí okùn ìríran, á tẹ̀ lé fọ́nrán náà, á sì rí bí ahọ́n iná. Èyí tó bá jò sí ìsàlẹ̀ jinlẹ̀ ò rí fọ́nrán kankan tẹ̀ lé, nítorí náà á dúró roboto, bí ẹ̀kán aró tó kán sórí aṣọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀ka ló dí, gbogbo ẹ̀jẹ̀ yìí á wà ní apá kan, á ní ojúlówó ààlà, á sì tọ́ka padà sí ìkòríta tó dí bí ìka tó nà sí ọ̀daràn. Bó bá jẹ́ gbòǹgbò, ibi gbogbo ni. Ẹ wo bí ẹni pé wọ́n la tòmátò pípọ́n mọ́ ògiri. Orí okùn ìríran náà lè wú.

Ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń bani lẹ́rù nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun gan-an ló máa ń pinnu ìparí ọ̀rọ̀. Ara á máa fà á mu díẹ̀díẹ̀, ó lè gba oṣù mélòó kan. Dókítà tó mọṣẹ́ á fojú fo ẹ̀jẹ̀ yẹn, á wá àwọn àmì tó dákẹ́ jù ú lọ.

Ọ̀kan nínú wọn ni àmì funfun múlọ́múlọ́ bí òwú. Bí dókítà bá rí ọ̀pọ̀ wọn, á mọ̀ pé àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń bọ́ ibẹ̀ ti kú tàbí ti ń kú lọ. Ebi ẹ̀jẹ̀ ń pa rẹ́tínà. Òmíràn ni wíwú mákúlà, torí omi inú ẹ̀jẹ̀ ti jò sínú rẹ̀. Ìyẹn ló sábà máa ń fà á tí ìwé kíkà fi ń ṣòro. Ẹ ya àwọn méjèèjì yìí sọ́tọ̀ nínú orí yín, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìwòsàn ti pínyà. Omi ṣeé gbẹ. Ibi tí ebi ẹ̀jẹ̀ bá ti pa kú, kò sí oògùn tó ń jí i.

Àmì tó kù máa ń pẹ́ kó tó yọ, ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mélòó kan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, ẹ mọ ohun tí awakọ̀ máa ń ṣe nígbà tí títì bá dí: á yà sí àdúgbò, á wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹ̀jẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn iṣan kéékèèké tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á fẹ̀, wọ́n á so apá tó dí mọ́ apá tí kò dí. Bó bá jẹ́ gbòǹgbò ló dí, ẹ lè rí wọn lórí okùn ìríran, wọ́n á ká bí òrùka. Iṣan ẹ̀bùrú nìwọ̀nyí. Wọ́n ń fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ti rọ́nà gbà, wọn kì í ṣe ọ̀tá. Wọn kì í sì í ṣe ìlérí pé ìríran máa padà o.

Ṣùgbọ́n oríṣi iṣan mìíràn wà tó jọ wọ́n, tí kì í ṣe wọ́n. Rẹ́tínà tí ebi ń pa á máa tú kẹ́míkà kan jáde tí wọ́n ń pè ní VEGF, ohùn ẹni tó ń ké pé “ẹ gbé ẹ̀jẹ̀ wá”. Ara á dáhùn, á hu iṣan tuntun. Iṣan tuntun yìí ò lágbára, ó ń jò, ó sì máa ń hù síbi tí kò yẹ: lórí rẹ́tínà, lórí okùn ìríran, èyí tó burú jù sì ni lórí apá tó ní àwọ̀ tó yí ọmọlójú ká, níwájú ojú. Báwo ni dókítà ṣe ń mọ ẹ̀bùrú yàtọ̀ sí tuntun? Aró ni. Lọ́dún 1961, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn méjì ní Yunifásítì Indiana, Harold Novotny àti David Alvis, gbé àpilẹ̀kọ jáde lórí bí wọ́n ṣe fi aró kan tó ń jẹ́ fluorescein sínú iṣan apá, tí wọ́n sì ń ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe ń kọjá nínú ojú. A ṣì ń lò ó. Iṣan ẹ̀bùrú kì í jẹ́ kí aró jò. Iṣan tuntun á jẹ́ kó jò, ibẹ̀ á tàn bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń ṣàn sílẹ̀. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá sì dé mọ́, aró náà ò ní dé ibẹ̀, á ṣókùnkùn. Bí gbogbo ibi tó ṣókùnkùn náà bá tó ìlọ́po mẹ́wàá ìtóbi orí okùn ìríran, ọ̀pọ̀ dókítà á sọ pé oríṣi tí ebi ẹ̀jẹ̀ ń pa ni.

Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an torí pé tọ́ọ̀ṣì lásán la fi ń ṣe é. Dókítà á tan iná sójú kan, á yára gbé e sójú kejì, á máa gbé e lọ gbé e bọ̀. Ó yẹ kí ọmọlójú méjèèjì sún kì sí iná náà bákan náà. Bó bá dé ojú tó ń ṣàìsàn, tí ọmọlójú ibẹ̀ wá ń fẹ̀ dípò kó sún kì, ó fi hàn pé ìròyìn tí rẹ́tínà náà ń fi ránṣẹ́ ti dín kù gidigidi, ó sì ṣeé ṣe kí ebi ẹ̀jẹ̀ ti wọlé. Kò gba ìṣẹ́jú kan, kò náni ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é kí wọ́n tó kán oògùn tó ń la ọmọlójú, nítorí lẹ́yìn ìyẹn ọmọlójú ò ní lè sọ òótọ́ mọ́.

Wàyí o, ìbéèrè tí gbogbo èèyàn máa ń béèrè: ṣé màá tún ríran?

Ìwádìí kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Central Vein Occlusion Study. Àwọn aláìsàn 725 tí gbòǹgbò iṣan àbọ̀ ojú wọn dí ló wà nínú rẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé wọn dé ọdún mẹ́ta, wọ́n sì gbé èsì náà jáde lọ́dún 1997. Kò tíì sí abẹ́rẹ́ tí à ń gún lónìí nígbà yẹn, nítorí náà ó fi ìrìn àrùn náà fúnra rẹ̀ hàn wá. Ohun tí wọ́n rí ni pé kò sí ohun tó ń sọ ọjọ́ iwájú tó iye lẹ́tà tí èèyàn lè kà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nínú àwọn tó ṣì lè ka 6/12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ yẹn, 65 nínú 100 ló ṣì wà ní ipò náà ní ìparí. Nínú àwọn tí tiwọn ti burú ju 6/60 lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, 80 nínú 100 ni kò kúrò níbẹ̀. Àwọn tó wà láàárín lọ̀rọ̀ wọn fọ́nká: nínú 100 wọn, 19 gbéra sókè, 44 dúró síbi tí wọ́n wà, 37 sì rẹlẹ̀ sí i.

Kẹ́ ẹ lè mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí: 6/12 ni wọ́n ń kọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 20/40 ni wọ́n ń kọ ní Amẹ́ríkà, ohun kan náà ni. Lẹ́tà tí ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáká lè kà láti mítà 12, ẹni yìí gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn dé mítà 6. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wà lára ohun tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń wakọ̀. Àwọn 6/60 sì wà níbi tí lẹ́tà ńlá tó wà lókè pátákó nìkan ló ṣeé kà.

Tẹ̀ka sàn ju ti gbòǹgbò lọ, nítorí pé apá kan rẹ́tínà ló kàn, tí ẹ̀bùrú sì ń tètè là níbẹ̀. Ẹlòmíràn tí ẹ̀ka tirẹ̀ ò kan mákúlà rárá, wọ́n lè kàn rí i níbi àyẹ̀wò awò ojú láìjẹ́ pé ó mọ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n fọ́tò ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn, ibí gan-an ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ dúró díẹ̀. Ìwádìí yẹn kan náà fi hàn pé nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dé gbogbo rẹ́tínà wọn níbẹ̀rẹ̀, 34 nínú 100 ló yí padà di oríṣi tí ebi ẹ̀jẹ̀ ń pa láàárín ọdún mẹ́ta. Ìwọ̀n 15 nínú 100 yí padà láàárín oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ péré. Ẹni tí dókítà sọ fún ní oṣù kìíní pé “tìrẹ ò le tó bẹ́ẹ̀” lè wà nínú ewu ní oṣù kẹrin, láìsí ìrora kankan tó máa ta á lólobó. Nínú ojú 714 tí wọ́n yẹ̀ wò, 16 nínú 100 ni iṣan tuntun hù níwájú wọn. Láàárín àwọn tí ebi ẹ̀jẹ̀ ń pa, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tó bo ibẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n lè mọ̀, ó dé 35 nínú 100.

Kí ni iṣan tuntun iwájú ojú ń ṣe? Omi kan wà nínú ojú tó ń wọlé tó ń jáde nígbà gbogbo. Igun kan níwájú ojú ló ń gbà jáde. Iṣan tuntun á hù bo igun náà bí ìtàkùn tó bo ẹnu ihò. Omi ò ní rọ́nà jáde mọ́, ìfúnpá inú ojú á ga sókè, okùn ìríran á sì máa kú. Oríṣi glaucoma kan nìyẹn, ó sì burú. Níbí, ojú á pọ́n, orí á máa fọ́ni, ìrora á dé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí iṣan dí. Àwọn dókítà àtijọ́ tiẹ̀ ń pè é ní glaucoma ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Bí wọ́n bá tètè rí iṣan tuntun náà kó tó bo igun, wọ́n lè fi iná léésà jó àwọn apá rẹ́tínà tí ebi ń pa ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́, kó má baà máa tú VEGF jáde mọ́. Wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ rí i ná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pe aláìsàn padà lóṣooṣù, kódà nígbà tó bá rò pé kò sí nǹkan kan mọ́.

Ní ti ìwòsàn wíwú mákúlà, ìtàn rẹ̀ dùn ún sọ. Lọ́dún 1984, ìwádìí kan fi hàn pé léésà ń ran tẹ̀ka lọ́wọ́: 65 nínú 100 ló jèrè ìlà méjì lórí pátákó, nígbà tó jẹ́ 37 nínú 100 láàárín àwọn tí wọn ò ṣe é fún. Lọ́dún 1995, wọ́n dán irú rẹ̀ wò fún ti gbòǹgbò. Mákúlà gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìríran ò sàn sí i. Àwọn tó ní ti gbòǹgbò wá wà láìní oògùn gidi kan fún ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i.

Lọ́dún 2010 ni ìwádìí méjì lórí ranibizumab, abẹ́rẹ́ tó ń dí VEGF lọ́wọ́, jáde. Wọ́n gún un lóṣooṣù fún oṣù mẹ́fà. Láàárín àwọn tẹ̀ka tó gba ìwọ̀n tó ga jù, èèyàn jèrè lẹ́tà 18 ní ìpíndọ́gba, àwọn tí wọ́n ṣe bí ẹni ń gún lásán jèrè 7. Láàárín àwọn ti gbòǹgbò, 15 ni, àwọn tí wọn ò gún ní tòótọ́ ò tiẹ̀ jèrè lẹ́tà kan. Lẹ́tà márùn-ún ló wà lórí ìlà kan, nítorí náà ìlà mẹ́ta gbáko nìyẹn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n wá gún àwọn tí wọn ò gún tẹ́lẹ̀. Ojú wọn sàn o, ṣùgbọ́n wọn ò bá àwọn àkọ́kọ́ mọ́ láàárín ọdún yẹn: láàárín àwọn ti gbòǹgbò, lẹ́tà 7 ni wọ́n ní, àwọn tó tètè bẹ̀rẹ̀ sì ní 14. Oṣù mẹ́fà ìdúró ti jẹ ìdajì.

Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ojú ń ba gbogbo èèyàn. Wọ́n á kọ́kọ́ kán oògùn tó ń mú ojú kú tipiri, wọ́n á fi oògùn apakòkòrò fọ̀ ọ́, wọ́n á sì gún abẹ́rẹ́ tín-ín-rín náà gba apá funfun ojú. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni. Ohun tó ń rẹni gan-an ni pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Iṣan tó dí ṣì dí, abẹ́rẹ́ ò ṣí i. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí jíjò dáwọ́ dúró fúngbà díẹ̀. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ lóṣooṣù, kí àárín rẹ̀ máa jìn sí i bí mákúlà bá ti ń gbẹ, ẹ̀rọ OCT tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán rẹ́tínà ni wọ́n fi ń wò ó. Bí ojú bá dunni, tó pọ́n sí i, tí ìríran sì ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ padà síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó lè jẹ́ kòkòrò ló wọlé. Àwọn ìwádìí ti 2010 yẹn ò mú àwọn tí tọ́ọ̀ṣì ti fi hàn pé rẹ́tínà wọn bà jẹ́ jìnnà, nítorí náà bí ẹni rere tirẹ̀ bá wà nínú àwọn yẹn, dókítà ò ní lè ṣèlérí lẹ́tà 15 fún un.

Ẹ má fi ìpín yìí wé ti oògùn kíkán. Kò sí oògùn ojú, yálà láti ọ̀dọ̀ kẹ́míìsì tàbí láti inú àgbo, tó ń ṣí iṣan àbọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe dédé bẹ̀rẹ̀ aspirin fúnra rẹ̀ torí èyí.

Ohun tó fà á ńkọ́? Ọjọ́ orí, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, sìgá. Glaucoma náà wà níbẹ̀, pàápàá fún ti gbòǹgbò, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú tí orírun wa wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà míì, ojú ló kọ́kọ́ ń tú àṣírí ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹnì kan ò mọ̀ pé òun ní. Nítorí náà, bí dókítà ojú bá ní kẹ́ ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, kì í ṣe pé ó ń lé yín. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí, wọ́n á wá nǹkan mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì béèrè àwọn oògùn tó ń lò, títí kan oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí. Ojú kejì náà wà nínú ewu díẹ̀, torí ara kan náà ló gbé méjèèjì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún kì í sanwó àyẹ̀wò ojú lábẹ́ NHS. Bí wọ́n bá ya fọ́tò ẹ̀yìn ojú yín níbẹ̀, ẹ béèrè bí àwọn ìkòríta yẹn ṣe rí.

Ọ̀rọ̀ kan tó kan àwa tá a wà lókè òkun. Ìyá wá láti Ìbàdàn láti bá wa tọ́jú ọmọ tuntun. Ojú kan ṣú, a gbé e lọ, wọ́n ní iṣan àbọ̀ dí, wọ́n gún abẹ́rẹ́ kan tàbí méjì. Ìyá ní ojú ti ń mọ́ bọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ti pé, ó fẹ́ padà sílé. Ẹ ṣírò ọjọ́ o. Bó bá lọ ní oṣù kejì, oṣù kẹta àti ìkẹrin á bá a níbi tí kò sẹ́ni tó mọ ojú rẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ sún tíkẹ́ẹ̀tì síwájú. Bí kò bá ṣeé ṣe, kẹ́ ẹ ti bá ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀ka ojú sọ̀rọ̀ kó tó wọ ọkọ̀, bíi UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Èkó, kẹ́ ẹ béèrè bóyá onímọ̀ rẹ́tínà wà níbẹ̀ àti ọjọ́ tó lè rí i. Ẹ gba fọ́tò aró, ẹ gba àwòrán OCT, ẹ gba orúkọ abẹ́rẹ́ àti ọjọ́ tí wọ́n gún un. Kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ iye tí ojú náà rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ sínú lẹ́tà, torí òun ni dókítà tó kàn á kọ́kọ́ wá.